Ìdí Tí Mo Fi Sọ̀kalẹ̀ Nínú Hẹlikọ́pítà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Adó-Èkìtì ti sọ ìtàn yìí fún mi, bí ẹni pé èmi kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kan ní mo bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti gbéra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Àwọn kan ní mo ń sunkún. Èyí náà kì í ṣe òótọ́. Àwọn kan ní mo fi bàbá mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí èmi fúnra mi gbà pé ewu wà nínú rẹ̀. Èyí ni mi ò lè fi gbólóhùn kan dá lóhùn, nítorí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìrìn-àjò mi sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo kúrò ní gáréèjì Fájuyì títí di ọjọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, kó jọ̀ọ́ kó kọ́kọ́ kà á tán.

Fájuyì

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì ni ìjọba ológun ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ kọ́ bí a ti ń wa hẹlikọ́pítà lókè òkun. Mo ṣe ìdánwò, mo yege. Inú bàbá mi kò dùn sí i. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo Adó ló ń pè é ní Tíṣà, ohun tó sì ní lọ́kàn ni pé kí n wọ iṣẹ́ olùkọ́ tàbí kí n jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kàn ń di aṣọ òtútù sínú àpótí mi, ó ń tú u, ó tún ń dì í.

Ní gáréèjì Fájuyì, kí mọ́tò Ìbàdàn tó gbéra, bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Káyọ̀dé, ilé onílé lo ń lọ. Ohun tí àgbà ibẹ̀ bá sọ, gbà á. Má bá wọn jiyàn.”

“Mo gbọ́, Bàámi.”

“Kí wọ́n má sọ pé ibi tó o ti wá, wọn kò kọ́ ọ.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ pẹ̀lú ẹrù mi. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé lọ, òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ìlú tí wọ́n ti ń wọn nǹkan

Ìlú kékeré kan létí òkun ní Sìkọ́tílándì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ohun tí wọn kò sọ fún mi nílé nípa òtútù ni pé kì í mọ sí ara nìkan. Ó ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà ni mò ń kí. Àwọn kan dáhùn. Àwọn kan bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti dákẹ́.

Mísíìsì Rọ́ọ̀sì, opó tí mo ń gbé nílé rẹ̀, kì í bi mí bí mo ti sùn. Bí ojú ọjọ́ ti rí ló máa ń sọ fún mi láràárọ̀, bí ẹni pé yàrá mi kò ní fèrèsé. Ó máa ń ro oúnjẹ ọkà kan tó ki ju ògì lọ, iyọ̀ ló sì ń fi sí i. Mo tọrọ ṣúgà. Ó gbé e fún mi, ṣùgbọ́n ó wò mí bí ẹni pé mo bu omi sínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Òṣùwọ̀n kékeré kan wà lórí tábìlì ìdáná rẹ̀. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ẹran, kò sí ohun tí kì í gbé lé e. Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ni. Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló dé tí kì í fojú díwọ̀n rẹ̀ bí ìyá mi ti ń ṣe.

“Ojú mi kì í ṣe òṣùwọ̀n,” ló fi dá mi lóhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bákan náà ló rí ní ilé-ẹ̀kọ́. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ hẹlikọ́pítà, yóò gun òṣùwọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà pàápàá ń gùn ún, ó sì sanra. Akọ̀wé obìnrin kan tí kò ju ẹni ogún ọdún lọ ló ń ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè, etí gbogbo wa ni yóò sì gbọ́ ọ. Mo wo ojú ọ̀gá náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń wá ìtìjú níbẹ̀. N kò rí i.

Àpò iyanrìn

Ọ̀gbẹ́ni Makí ló kọ́ mi. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ pá, ó ti wa bàálù lójú ogun, kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n ṣe ìṣirò ẹrù ọkọ̀ kí a tó gbéra. Mo bi í ohun tó wà lẹ́yìn.

“Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn,” ló wí.

Mo yíjú. Àpò iyanrìn ńlá kan wà lábẹ́ ìjókòó, mo sì rí i kedere. Mo tún wo ojú Ọ̀gbẹ́ni Makí. Mo rántí Fájuyì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn, mo buwọ́ lù ú.

Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

“Ṣé o rí àpò yẹn?”

“Mo rí i, sà.”

“Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí nǹkan kan, sà.”

Ó ká ìwé náà sí méjì. Mo rò pé yóò yìn mí fún ìtẹríba mi.

“Ní ibi tó o ti wá,” ló wí, “ṣé ìtẹríba ni wọ́n ń pe èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Pípànìyàn ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Sọ̀kalẹ̀. Fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.”

Mo rin ìrìn náà nínú òjò. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi, ṣùgbọ́n ẹni tí inú bí mi sí jù ni bàbá mi, ìyẹn sì ni mi ò lè gbà lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá rí nǹkan, mo ń sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Makí a máa gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò. Bí mo bá ṣì í, a sọ pé mo ṣì í, kò sì ní bínú. Mo ti ronú sí i dáadáa, èrò mi sì nìyí: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń gbé bàálù àwọn ènìyàn yẹn dúró sójú ọ̀run. Ohun tó ń gbé e dúró ni pé ọmọdé lè sọ fún àgbà pé irọ́ ni, kí àgbà sì tún wo ìwé.

Ẹ má rò pé ìlú àwọn ańgẹ́lì ni mò ń ròyìn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ mi kù díẹ̀, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Makí fẹ́ gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì lọ sójú òkun. Ọ̀kan nínú wọn wọlé, ó jókòó, ó wá rí ojú dúdú mi níwájú. Ó tú okùn àyà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun yóò dúró de ọkọ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo ń dúró de ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Makí yóò sọ. Ó mú bírò, ó pa ìwọ̀n ọkùnrin náà rẹ́ kúrò lórí ìwé, ó tún ìṣirò náà ṣe.

“Ọkọ̀ ti fúyẹ́,” ló wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

N kò tíì pinnu títí di òní bóyá àánú mi ló ṣe é ni, tàbí kò rí ohun mìíràn sọ.

Ará Èkìtì

Nígbà tí mo padà dé, àwọn ológun ti ṣí òṣèlú sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń múra àtilọ. Iléeṣẹ́ kan ní Èkó tó ń fi hẹlikọ́pítà ṣe háyà ló gbà mí sí iṣẹ́, àwọn olóṣèlú ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà wọn. Igbákejì awakọ̀ ni mí. Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Délé, ọmọ Èkó, tó ti ń wa bàálù láti ìgbà ogun abẹ́lé. Ó gbọ́ “ulé” lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan níbi tí òun ìbá ti sọ “ilé”, láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ará Èkìtì.

Ó mọ ọkọ̀ wà. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má bàa ṣe àbòsí. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tó yẹ kí a máa kà sókè kí a tó gbéra, kí ẹnìkan máa bi í, kí ẹnìkejì máa dáhùn. Ọ̀gá Délé mọ̀ ọ́n sórí, nítorí náà kì í kà á mọ́.

Ní àsìkò kan náà, mo ra ìwé òfin tuntun tí ìjọba alágbádá yóò fi ṣe ìjọba, mo sì kà á tán. Ìwé tó dára ni. Àwọn olóṣèlú tí a ń gbé kiri ń jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀, wọ́n ń ka apá kan àti apá kejì láìwo ìwé. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù ni pé àwọn tó fẹ́ gba ìjọba kò mọ òfin. Ohun tí èmi rí kọ́ nìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n sórí.

Pápá

Wọ́n ní kí a gbé Olóyè kan tó ń du ipò sẹ́nétọ̀ láti Adó lọ sí Ìgbẹ́mọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé mọ́tò kò ní lo wákàtí kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá Délé.

“Ará Èkìtì,” ló wí, “ta ló ń dìbò fún mọ́tò?”

Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó ni a balẹ̀ sí láti gbé e. Igi tíìkì yí i ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, òkúta wà ní ẹ̀gbẹ́ kẹrin. Ọ̀sán gangan ni, ooru mú. Bí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ a fẹ́lẹ́, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí ọkọ̀ kò ní rí nǹkan dì mú dáadáa. Ohun tí ọkọ̀ gbé ní òwúrọ̀ lè má ṣeé gbé lọ́sàn-án. Mo ti ṣe ìṣirò náà: lẹ́yìn epo, irinwó kílò péré ni ènìyàn àti ẹrù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a tó lè gòkè tààrà kọjá igi wọ̀nyẹn.

Àyè márùn-ún ló wà nínú ọkọ̀. Ọ̀gá Délé, èmi, Olóyè àti alága ẹgbẹ́ rẹ̀ la ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi bí Olóyè ṣe rí bàbá mi láàárín èrò.

“Tíṣà! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ABD! Ṣé ọmọ yín nìyí tó ń wakọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin náà ń bá wa lọ!”

Àwọn ènìyàn hó yèè. Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ rere kan nípa rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ fún ẹni tó wà nítòsí pé, “Ọmọ mi ni. Àbíkẹ́yìn mi.” Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún mẹ́rin.

Wọ́n tún gbé páálí méjì wọlé, kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán Olóyè ló kún inú wọn.

Mo mú òṣùwọ̀n jáde nínú àpò mi. Mo rà á ní Sìkọ́tílándì, òun nìkan ni ohun tí mo mú bọ̀ fún ara mi. Mo gbé e kalẹ̀ sórí koríko.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gùn ún kí ẹ tó wọlé.”

“Kí nìyí?” alága béèrè.

“Òṣùwọ̀n ni, sà. Ìwọ̀n yín ni mo fẹ́ mọ̀.”

“Ṣé kòkó ni wá ni?”

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Olóyè náà rẹ́rìn-ín, ó yí ara rẹ̀ po níwájú èrò. “Ẹ bá mi wò ó o! Ọmọ Tíṣà fẹ́ tà mí! Ṣé gíréèdì kìn-ín-ní ni mí àbí ìkejì?”

“Ìkejì!” ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. “Ó kù kí ẹ sá a sóòrùn díẹ̀ sí i!”

Ẹnikẹ́ni tó ti ta kòkó rí ní Èkìtì mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ ni. Kò sí àgbàlagbà tí yóò gùn ún lójú èrò. Ó yẹ kí n ti mọ̀, ọmọ ibẹ̀ ni mí. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo sì gbà á: mo rò pé ohun tó ṣeé ṣe fún ọ̀gá àgbà nílùú òtútù yóò ṣeé ṣe fún Olóyè ní Adó.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Káyọ̀dé, gbé nǹkan yìí kúrò nílẹ̀.”

“Bàámi, bí ẹ̀yin bá kọ́kọ́ gùn ún, wọn ó…”

“Mo ní kí o gbé e kúrò.”

Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fojú díwọ̀n wọn, mo kọ ọ́ sórí ìwé. Ọ̀gá Délé 85. Olóyè 108. Alága 90. Bàbá mi 72. Kàlẹ́ńdà 40. Èmi 63, èyí ni mo mọ̀ dájú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 458.

“Ọ̀gá,” mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “kílò méjìdínlọ́gọ́ta ló fi lé.”

“Ó máa gbé e.”

“Ẹ jẹ́ ká sọ páálí wọ̀nyí kalẹ̀.”

Alága gbọ́. “Kàlẹ́ńdà Olóyè? Kí la wá fẹ́ pín ní Ìgbẹ́mọ, àlàyé?”

“Tàbí kí ẹnìkan fi mọ́tò tẹ̀ lé wa, sà.”

“Ta ni ọ̀gá níhìn-ín?” Ọ̀gá Délé ti ń tan ẹ́ńjìnnì. “Ará Èkìtì, di okùn rẹ.”

Mo wọlé, mo di okùn mi. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí mo lè sọ fún pé kó sọ̀kalẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọmọ tó ti kọ́ àti àwọn ọmọ wọn. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, yóò ku 386. Bí mo bá sọ ara mi kalẹ̀, yóò ku 395. Méjèèjì ló dára. Awakọ̀ kan tó láti wa irú ọkọ̀ yẹn. Òfin gbà á.

Mo tú okùn àyà mi, mo sọ̀kalẹ̀.

“Ọ̀gá, ọkọ̀ ti fúyẹ́,” mo wí.

Ọ̀gá Délé wò mí. Mo gbà pé ó yé e, nítorí pé ojú rẹ̀ lọ sí orí igi tíìkì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá yọrí síta, ó sì pariwo kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: “Ẹ bá wa mú un o! Ẹ̀rù ti bà á!”

Bí èrò ṣe rẹ́rìn-ín nígbà náà ju ti òṣùwọ̀n lọ. Mo rí ojú bàbá mi lẹ́yìn gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sókè ti wá sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà gòkè. Kò yára gòkè. Nígbà tó dé orí igi, ewé tíìkì já bọ́ sórí pápá, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà lára eré. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ ló gbọn ewé náà. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló kàn án. Ibi tí mo dúró sí, n kò lè sọ pàtó. Ọkọ̀ náà kọjá, ó sì balẹ̀ sí Ìgbẹ́mọ láìséwu.

Bírò pupa

Èyí gan-an ló korò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọn ìbá sọ pé mo mọ̀. Nígbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kò sí ewu rárá, nítorí náà ojo ni mí. Àwọn kan náà tún ní mo mọ̀ pé ewu wà, mo sì fi bàbá mi sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló ń sọ wọ́n. Pé ewu wà, àti pé sísọ̀kalẹ̀ mi ló mú un kúrò, ìyẹn kò wọ etí ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ ti kọ̀wé sí mi pé kí n dúró sílé ná.

Ìyá mi lọ ra iṣu ní Ọjà Ọba, àwọn obìnrin sì bi í bóyá òun ni ìyá ọmọ tó sá. Ó sọ èrò tirẹ̀ nípa òṣùwọ̀n náà fún mi nígbà tó dé.

“Níbi iṣẹ́ wa, àwọn ìyá ń jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Mi ò mọ ọjọ́ orí tó ń di èèwọ̀.”

Bàbá mi fi mọ́tò padà láti Ìgbẹ́mọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ìwé ìṣirò mi síwájú rẹ̀ lórí tábìlì tó ti máa ń ṣe máàkì. Ó wò ó títí. Ó mú bírò pupa rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ó tún rò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

“Ìròpọ̀ rẹ tọ́.”

Mo dúró.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé Olóyè jẹ́ 108?”

“Mo fojú díwọ̀n rẹ̀, sà.”

“Alága ńkọ́?”

“Bákan náà, sà.”

“Èmi ńkọ́?”

Mo ń wo 72 tó wà níwájú orúkọ rẹ̀.

“Mi ò lè fún èyí ní máàkì,” ló wí. Ó dé bírò náà, ó sì ti ìwé mi padà sí mi.

Òótọ́ ló sọ. Mísíìsì Rọ́ọ̀sì ìbá sọ ohun kan náà. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo jí. Mo bá òṣùwọ̀n mi lórí sìmẹ́ńtì yàrá rẹ̀, bàtà ilé rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó bọ́ wọn kó má bàa rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ. Ìwé náà wà lórí tábìlì. Níwájú orúkọ rẹ̀, ó ti pa 72 rẹ́, ó fi bírò pupa kọ 74 sí i, ó sì fa àmì pé ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo tún un rò. Láìsí èmi nínú ọkọ̀, ó jẹ́ 397. Kílò mẹ́ta péré ló kù. Ìyẹn bí àwọn nọ́ńbà tó kù bá tọ̀nà, n kò sì lè búra pé wọ́n tọ̀nà. Àwọn yòókù kò tíì gun òṣùwọ̀n.